Ọwọ́ Mẹ́rìndínlógún, Ọ̀kan Ló Ń Ṣiṣẹ́

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńlá kan wà ní ọ́fíìsì wa tó ní ọwọ́ mẹ́rìndínlógún nínú, tí gbogbo wọn lè jọ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá wa ló rà á, kò sì rà á lówó pọ́ọ́kú. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e gun àtẹ̀gùn wá, a pàtẹ́wọ́, a gbàdúrà lé e lórí, a ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá pàṣẹ pé kí ọwọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa wòran, kí ẹyọ kan ṣoṣo máa ṣiṣẹ́. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá a rò. Ẹ gba òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlógún, ẹ ń bọ́ gbogbo wọn, ẹ wá ní kí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó ti ògiri. Ṣé orí yín pé?

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé aríjàgbá lásán ni mí. Aríjàgbá ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lásán. Accra ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Tudu, ó ń ta ṣúgà, mílíìkì àti sàdíìnì. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ Gáńà ń pè wá ní Alata, wọ́n ń pè wá ní Anago, a sì ń jẹ́ méjèèjì. Nígbà tó kàn mí láti gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo ní n ò gbà, kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kọ́. Bàbá mi bú mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ló bá fi mí sílẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Circle ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní òkè àwọn tó ń ta fóònù, níbi tí àwọn mate, ìyẹn kọ́ńdọ́ ọkọ̀ èrò trotro, ti ń ké "Madina! Lapaz!" wọnú fèrèsé wa láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Iṣẹ́ wa kò ṣòroó yé èèyàn. À ń pèsè kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà la dì ní páákéèjì-páákéèjì: ọ̀kan ń tẹ ìwé jáde, ọ̀kan ń ṣí àwòrán, ọ̀kan ń tọ́jú orúkọ aláìsàn. Púpọ̀ nínú wọn, àwọn ará òkè òkun ló kọ wọ́n, tí wọ́n fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ. Àwa a sì máa tún wọn ṣe níbi tó bá yẹ, kí wọ́n lè bá Gáńà mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í lo páákéèjì bí èèyàn ṣe kọ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ègé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó yí i sí èdè tirẹ̀, kó wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìyẹn là ń pè ní kíkọ́ páákéèjì, bí wọ́n ṣe ń kọ́lé. Nínú páákéèjì kọ̀ọ̀kan, ìwé ìtọ́ni kan wà tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ègé báyìí-báyìí ló wà, àti pé èyí gbọ́dọ̀ dúró de tọ̀hún.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ nìyí, kì í sì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan, ibi gbogbo tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni: bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan kan fún ẹ̀rọ, kí ni kó ṣe fúnra rẹ̀? Ṣé kó máa kọ́ àwọn ègé náà ní títẹ̀léra, àbí kó fi gbogbo ọwọ́ rẹ̀ kọ́ wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Àwọn kan á ní, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlànà, kí ẹni tó bá ń kánjú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹ̀rọ pé kíá lòun fẹ́. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ló jọ létí, àbí? Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá ń ṣe fúnra rẹ̀ ni gbogbo ayé ń bá lọ. Ẹ wo fóònù tó wà lọ́wọ́ yín. Kí lẹ ti yí padà lára rẹ̀ látọjọ́ tí ẹ ti rà á, yàtọ̀ sí àwòrán iwájú rẹ̀?

Ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀gá wa, Èkó ló ti wá, alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, kí èmi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó pe àwọn àlejò pàtàkì kan kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí ẹ̀rọ kọ́ gbogbo nǹkan pọ̀, ni páákéèjì kan bá fọ́ lójú wọn. Àwọn àlejò mu omi tán, wọ́n dìde, wọn ò padà wá mọ́. Látọjọ́ náà ló ti ṣòfin: ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ni yóò fi dá mi lóhùn.

"Ìyá wa, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi."

"Ọ̀gá, ìgbín ò ní ọwọ́ mẹ́rìndínlógún."

"Ẹnu yín yìí, Ìyá wa! Ẹnu yín yìí!"

Á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹn wá túmọ̀ sí pé bí a bá yí lẹ́tà kan péré padà, gbogbo páákéèjì la gbọ́dọ̀ tún kọ́ kí a tó fi ránṣẹ́: aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lè lù kó má tíì parí. Ìyẹn bí iná bá wà o. Bí dumsor bá dé, tí iná lọ ní aago méjì ọ̀sán, tí jẹnẹrétọ̀ náà sì ń wú ikọ́ tí kò fẹ́ dìde, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti di òfo. Ọ̀la la ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Mo ti hun súwẹ́tà kan parí níwájú ẹ̀rọ yẹn fún ọmọ-ọmọ mi. Súwẹ́tà, ní Accra! Ẹ ò rí ayé mi?

Ọdún tó kọjá ni obìnrin kan dara pọ̀ mọ́ wa. Yóò tó ẹni ọdún márùndínlógójì. Anago bíi tèmi ni, Ìnísà ni ìdílé rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Yorùbá tó ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tó ń sọ lọ. Bó bá fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Twi ni yóò fi parí rẹ̀. Télọ̀ ni tẹ́lẹ̀ ní Odawna, ọdún méjìlá ló fi ranṣọ níbẹ̀. Orí fóònù ló ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí oníbàárà kan bá ti lọ tí òmíràn kò tíì dé. Nígbà tó dá a lójú pé òun ti mọ̀ ọ́n, ó ta maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Maṣíìnì tó ń bọ́ ọ, tó ń bọ́ ìyá rẹ̀, ló tà. Ọ̀gá gbà á fún ìdánwò oṣù mẹ́fà. Bó bá yege, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá yege, kò sí maṣíìnì tí yóò padà sí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ náà, ó wá wò mí.

"Àǹtí, àwọn ọwọ́ yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n ń sinmi."

"Ei! Kí ni wọ́n ṣe tó rẹ̀ wọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú mi. Ó ní ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ní Odawna, àwọn mẹ́ta ló máa ń bá ara wọn ran yunifọ́ọ̀mù: ẹnìkan ń ran apá, ẹnìkan ń ran ọrùn, ẹnìkan ń ran ara. Kò sẹ́ni tó ń káwọ́ gbera de ẹnìkejì. "Ṣùgbọ́n Àǹtí, èmi máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára apá pé, *dúró de ara*. Tí n ò bá kọ ọ́, tí mo kàn rò pé wọ́n mọ̀, wọ́n á bà á jẹ́." Mo ní ó káre. Mo ní irú èèyàn tí mo ti ń wá láti ọdún yìí wá nìyí.

Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú kí oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé, ilé ìwòsàn kan lẹ́yìn ìlú pè wá. Páákéèjì tó ń tẹ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ọmọ ọwọ́ ti ń ṣìṣe. Ọmọ tó yẹ kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni káàdì ń kọ fún un. Nọ́ọ̀sì tó pè wá sọ pé ọwọ́ làwọn fi ń kọ káàdì báyìí, àti pé àwọn ìyá ti tò dé ẹnu géètì tàwọn ti ọmọ lẹ́yìn. Obìnrin wa yìí rí àṣìṣe náà kí ọ̀sán tó pọ́n. Òǹkà kan péré ló ka ọ̀sẹ̀ kọjá ibi tó yẹ. Ó tún un ṣe, mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó tọ́. Ó ku kí ẹ̀rọ kọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Iná lọ ní aago méjì. Ọjọ́rú, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀. Iná lọ ní aago mẹ́ta, ó ku díẹ̀ kó dé ibi páákéèjì káàdì náà gan-an. Nọ́ọ̀sì yẹn tún pè, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Mo wọ yàrá ọ̀gá lọ láì kanlẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ẹ fún ẹ̀rọ yìí ní ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí."

"Ìyá wa, a kì í fi ìkánjú ṣe ohun tó ń lọ sílé ìwòsàn. Bó bá fọ́ ńkọ́?"

"Bó bá fọ́, a ó mọ ibi tó ti fọ́! Páákéèjì tí kò bá ṣeé kọ́ pọ̀, a ó kọ ọ́ sára òun nìkan pé kí ẹ̀rọ rọra ṣe é. Ṣé torí ọmọ kan tí kò lè jẹ ata, gbogbo ilé ò ní í jẹ ata mọ́?"

Ó ní òun ti gbọ́. Ẹni tó bá ti ní òun ti gbọ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Mo padà sídìí àga mi, mo ń hó bí ìkòkò, mo sì sọ ọ́ sókè pé, "Bí èmi bá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ni, ǹ bá ti fún un ní gbogbo ọwọ́, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀." Obìnrin náà gbọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá lọ sí ìpàdé kan láàárọ̀. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ tán, obìnrin yìí dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ nǹkan díẹ̀. Ẹ̀rọ náà hó! Mo ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀ látọjọ́ yìí, mi ò gbọ́ irú èyí rí. Páákéèjì ń parí méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n ń sáré kọjá lójú wa bí àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n lu aago fún. Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko, wákàtí kan àti díẹ̀ ló fẹ́ gbà. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ń jó ní àárín ọ́fíìsì nígbà tí ojú ẹ̀rọ pọ́n. Páákéèjì kan ti fọ́. Nínú gbogbo páákéèjì ayé yìí, ti káàdì ọmọ ọwọ́ náà ni. Ẹ wá wo ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti fáìlì lábẹ́ apá.

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó wo ojú ẹ̀rọ tó pọ́n yẹn fún ìgbà pípẹ́, mo sì mọ̀ pé àwọn àlejò àtijọ́ yẹn ló ń rí.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà," obìnrin náà wí.

"Èmi ló fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu," mo wí.

"Ìyá wa, ọwọ́ ta ló tẹ bọ́tìnnì?" Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó kọjú sí obìnrin náà. "Mo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, o ò gbọ́. O ti ba páákéèjì ilé ìwòsàn jẹ́. Ọ̀la ni oṣù mẹ́fà rẹ pé. Má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé."

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo dìde, mo nawọ́ sí i lójú, èmi tí mo máa ń kí i "ẹ káàárọ̀, ọ̀gá" tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo ní, "Kò ba nǹkan kan jẹ́! Páákéèjì yẹn ti bàjẹ́ kó tó fọwọ́ kàn án. Ẹnìkan da ìdọ̀tí sínú yàrá, ẹ̀yin pa iná, ẹ ní ilé mọ́. Ẹni tó wá tan iná ni ẹ fẹ́ lé jáde! Àbí irú ìwà wo nìyẹn?"

Ọ̀gá gbé fáìlì rẹ̀ sórí tábìlì. "Ó dáa. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló da ìdọ̀tí, ẹ bá mi mú orúkọ rẹ̀ wá. Ọ̀la, aago méjìlá ọ̀sán. Bí ẹ ò bá rí i, obìnrin yìí ń lọ."

Mo fi Ọlọ́run búra pé màá mú un wá. Ó dá mi lójú pé òyìnbó kan ni, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń jókòó sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń kọ́ gbogbo ayé níṣẹ́ tí tirẹ̀ kò sì já geere. Mo ti ń to lẹ́tà tí màá kọ sí i lọ́kàn mi. Mo fẹ́ bi í pé ṣé kò lọ́mọ ni. Mo fẹ́ sọ fún un pé àwọn ìyá kan wà ní Gáńà tí oòrùn ń pa ní ẹnu géètì nítorí ọ̀lẹ rẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń sọ èyí lẹ́nu, obìnrin náà ti ṣí ìwé ìtọ́ni páákéèjì náà, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ojú rírán tó tú.

Kò pẹ́ tó fi rí i. Ègé kan ń ṣe kàlẹ́ńdà abẹ́rẹ́. Ègé kejì ń ṣe káàdì, inú kàlẹ́ńdà yẹn ló sì ti ń mú ọjọ́. Ṣùgbọ́n kò síbi kankan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí káàdì dúró de kàlẹ́ńdà. Kàlẹ́ńdà kàn wà lókè, káàdì wà nísàlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sísàlẹ̀, kàlẹ́ńdà á ti wà nílẹ̀ kó tó kan káàdì. Ọjọ́ tí gbogbo ọwọ́ bá jọ bẹ̀rẹ̀, káàdì á dé, kò ní bá kàlẹ́ńdà.

"Wọn ò fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i," ó wí.

Ó fi ìlà kan kún un. Ó fún ẹ̀rọ ní ọwọ́ mẹ́rìndínlógún, ó kọ́ páákéèjì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò fọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ó kú iṣẹ́, ó wá ku olórí burúkú tó ṣe é. Àwọn ìwé ìtọ́ni yìí ní ìrántí: wọ́n ń tọ́jú orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Obìnrin náà ṣí ibẹ̀. Ó wò ó. Ó yára pa á dé.

"Àǹtí, a ti tún un ṣe. Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ó lọ bẹ́ẹ̀ kẹ̀? Ìwọ tí wọ́n fẹ́ lé lọ nítorí rẹ̀? Ṣí i!"

"Àǹtí..."

"Mo ní kó o ṣí i!"

Ó ṣí i. Orúkọ mi ni.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, oṣù kejì tí mo dé ilé-iṣẹ́ yìí. Òyìnbó kọ páákéèjì náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi kàlẹ́ńdà Gáńà sí i. Mo wá rántí ọjọ́ náà. Mo gbé kàlẹ́ńdà sókè, mo gbé káàdì sísàlẹ̀, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé kí ni mo tún ń kọ sílẹ̀ nígbà tí ohun tó yẹ kó ṣíwájú ti wà níwájú. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ní ilé wa ní Tudu, bí wọ́n bá gbé abọ́ ẹran sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ mú. Bàbá á mú, ẹ̀gbọ́n á mú, kó tó kan èmi. Ọmọ tó bá ní kí wọ́n sọ ọ́ fún òun, ìyá mi á bi í bóyá ojú rẹ̀ fọ́ ni. Mo gbé àṣà ilé wa wọnú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní bàbá. Ohun tí wọn kò bá kọ fún un, kò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́sàn-án! Mo ń pariwo pé kí wọ́n tan iná, ìdọ̀tí tèmi ló sì wà nílẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé ọkàn mi mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò mọ́. Nínú trotro tí mo wọ̀ lọ sílé nírọ̀lẹ́ yẹn, mo rò ó pé ọdún díẹ̀ ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Mo rò ó pé ọ̀gá ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ibi ìrántí yẹn. Mo rò ó pé òyìnbó kan kò ní kú bí mo bá di ẹ̀bi rù ú. Inú bí mi sí ara mi débi pé mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ rìn padà.

Ọjọ́ Ẹtì, aago méjìlá, ọ̀gá pè wá. Obìnrin náà ti kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé e lé ẹsẹ̀.

"Orúkọ dà?" ni ọ̀gá wí.

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kò tíì jáde tí obìnrin náà fi gbà á lẹ́nu mi. "Ọ̀gá, a ti tún páákéèjì ṣe, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n a ò rí ẹni náà." Ó sì dìde, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ẹni tó ta maṣíìnì rẹ̀! Ó fẹ́ padà sí Odawna ní ọwọ́ òfo, kí ojú má baà ti èmi, torí pé mo fi ọdún díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé ayé. Mi ò mọ ẹni tí mo bínú sí jù nínú yàrá yẹn, òun, ọ̀gá, tàbí èmi. Mo pariwo mọ́ ọn.

"Jókòó! Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́? Ọ̀gá, èmi ni. Èmi ni mo kọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn."

Ọ̀gá wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. "Ẹ̀yin?"

"Èmi tí mo ń pariwo yìí. Òfin ọ̀kọ̀ọ̀kan yín ló fi mí pa mọ́. Bí ẹ̀rọ bá ti fi gbogbo ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì tí mo kọ ọ́, ojú ì bá ti tì mí lọ́jọ́ kejì, ǹ bá sì ti tún un ṣe. Bí ẹ bá máa lé ẹnìkan, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa lé."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó kọjú sí obìnrin náà. "O mọ̀ pé Ìyá wa ni?"

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Àgbà ni wọ́n."

Nísàlẹ̀, ẹnìkan ń ná fóònù, ó ń búra pé òun ò ní san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá nu awò ojú rẹ̀, ó nù ún jù bó ṣe yẹ lọ. "Iṣẹ́ di tìẹ," ó wí fún un níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n èyí tó o ṣe lónìí burú ju ti àná lọ. Bó bá jẹ́ pé nǹkan tó lè pa ọmọ ló wà níbẹ̀, ṣé wàá tún bo àgbà ni?" Obìnrin náà ń nu omijé. Ọ̀gá dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ, ó ní kó fi bí wọ́n ṣe ń fún un ní gbogbo ọwọ́ han òun. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ẹ̀rọ máa ṣe bẹ́ẹ̀, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, àfi páákéèjì tí a bá kọ ọ́ sí lára pé kò gbà bẹ́ẹ̀. Èmi, kò lé mi. Kò sì pè mí ní Ìyá wa títí ọjọ́ náà fi parí. Kí aago mẹ́rin tó lù, káàdì ti ń jáde bó ṣe tọ́ ní ilé ìwòsàn yẹn.

Ọjọ́ Ajé, mo bá obìnrin náà lójú iṣẹ́. Ó ti dé ṣáájú mi, ó ti gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì gidi, kì í ṣe orí àpótí tó ń lò tẹ́lẹ̀. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àǹtí, ẹ̀rọ ti parí. Páákéèjì mẹ́ta ló fọ́."

"Ta ló kọ wọ́n?"

Mo rí i tí ojú rẹ̀ sá lọ sí ilẹ̀. Mo dúró. Mi ò ràn án lọ́wọ́. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí lójú kòrókòró.

"Méjì jẹ́ ti òyìnbó. Ẹ̀kẹta, tiyín ni."

Mo pòṣé, mo fa àga mi, mo jókòó tì í.